Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ onílẹ̀kùn mẹ́rin: bí a ṣe dá iye lé e, àti ohun tí wákàtí sọ nígbà tí iṣẹ́ parí

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kan fún yàrá ibùsùn. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mm 1800, gíga rẹ̀ mm 2340, láti iwájú dé ẹ̀yìn sì jẹ́ mm 560 láìka ìlẹ̀kùn. Àpótí méjì ni a ó kàn pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mm 900. Apá òsì ní ọ̀pá ìfaṣọkọ́ àti pẹpẹ kan lókè. Apá ọ̀tún ní pẹpẹ márùn-ún. Plywood mm 18 ni ara àti ìlẹ̀kùn, mm 6 ni ẹ̀yìn, fáníìṣì ni a ó fi parí rẹ̀.

Iye owó nǹkan kò dọ́gba níbi gbogbo, iye pákó kì í sì í dúró. Nítorí náà a kò kọ owó ìlú kankan síbí. A pe odindi plywood mm 18 kan ní 100, a sì fi ìyẹn wọn gbogbo nǹkan yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ lo ìṣirò yìí, kí ó pín iye tí plywood ń lọ lọ́dọ̀ tirẹ̀ sí ọ̀nà 100. Ìdá kan nínú rẹ̀ ni ẹyọ kan.

Iye wákàtí kan

Kí téèpù ìwọ̀n tó kan ògiri rárá, oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti mọ iye tí wákàtí rẹ̀ kan jẹ́. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Yọ ọ̀sẹ̀ 6 fún ìsinmi, àìsàn àti ọjọ́ ọdún, ó ku 46. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí 40, àpapọ̀ rẹ̀ 1,840. Ẹni tó bá fi 1,840 yìí pín owó tó fẹ́ rí lọ́dún ti ṣìrò láti ìbẹ̀rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo wákàtí yẹn ni oníbàárà ń sanwó rẹ̀. Lílọ wo iṣẹ́ tí kò bọ́ sí i, kíkọ ìwé iye, pípọ́n ayùn, títún ẹ̀rọ ṣe, lílé gbèsè, títo ṣọ́ọ̀bù, dídáhùn fóònù: gbogbo wọn ń jẹ wákàtí, kò sì sí ẹni tó ń san án. Fún oníṣẹ́ tó dá wà, tí kò ní akọ̀wé, a fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe èyí tó ń wọlé. Ìyẹn jẹ́ 1,104. A pè é ní 1,100.

Ìnáwó ọdún nìyí, bóyá iṣẹ́ wà o, bóyá kò sí: owó ilé ṣọ́ọ̀bù 2,400; iná àti epo ẹ̀rọ 1,200; ọkọ̀ 1,500; fóònù àti ìpolówó 400; adójútòfò 500; pípààrọ̀ irinṣẹ́ 1,800; ìwé àṣẹ àti ìṣirò owó 300. Àpapọ̀ rẹ̀ 8,100.

Ti irinṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Ayùn orí tábìlì tí a rà ní 1,500, tí yóò sì lo ọdún 5, ń jẹ 300 lọ́dọọdún, bí kò tilẹ̀ sí owó tó jáde lápò lọ́dún yẹn. Bí 300 yẹn kò bá sí nínú ìṣirò, lọ́jọ́ tí ayùn bá kú, owó ilé ni a ó fi ra òmíràn. Ojú ayùn, ẹnu dírììlì àti sáńdípépà tí a kò lè kà mọ́ iṣẹ́ kan pàtó náà wà níbẹ̀.

Owó tí oníṣẹ́ fẹ́ mú lọ sílé lọ́dún, pẹ̀lú owó orí tí yóò san lórí rẹ̀, jẹ́ 16,000. Fi 8,100 kún un, ó di 24,100. Pín in sí 1,100, ó di 21.9. Wákàtí kan, 22. Ẹni tó bá pín in sí 1,840 yóò rí 13, yóò sì máa rò pé òun kò wọ́n bí ti ẹnìkejì. Lórí iṣẹ́ wákàtí 42 péré, ìyàtọ̀ yẹn jẹ́ 378, ó sún mọ́ owó odindi plywood mẹ́rin.

Èrè kò sí nínú 22 yìí. 22 ni iye tí ṣọ́ọ̀bù fi ń ṣí ilẹ̀kùn tí oníṣẹ́ sì fi ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó tí a fi ń ra ẹ̀rọ tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tí a fi ń dúró nígbà tí iṣẹ́ bá dá, lórí rẹ̀ ni yóò ti wá.

Ìwọ̀n

Àjà yàrá náà wà ní mm 2440 sílẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù tí a kàn tán nílẹ̀, tí a wá ń gbé dìde, igun rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kan àjà, kì í ṣe orí rẹ̀. Ìlà tó ṣe pàtàkì ni èyí tó ti igun ìsàlẹ̀ iwájú lọ sí igun òkè ẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣírò, kí ó yà á sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kí ó fi téèpù wọ̀n ọ́n. Àpótí tó ga ní 2250, tó jìn ní 560, ìlà yẹn jẹ́ 2319, ó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí a bá ṣe é ní 2400 kí ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, ìlà náà di 2464, kò sì ní dìde láéláé nínú yàrá yẹn. Àtúnṣe irú rẹ̀ ni kí a tú u palẹ̀ kí a tún un kàn lóòró, ìyẹn ọjọ́ kan tí kò sí nínú ìwé iye ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wà lọ́tọ̀: férémù ìsàlẹ̀ tó ga ní 90, tí a ó kọ́kọ́ tẹ́ kí ó dọ́gba, kí a tó gbé àpótí lé e.

Gíga 90 yẹn kì í ṣe ohun tí a kàn rò. Plywood fẹ̀ ní 1220. Ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù méjì, 560 lọ́nà méjì, ìlà tí ayùn ń jẹ jẹ́ mm 3 nígbà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣẹ́kù létí pákó jẹ́ 94. A fá a dé 90, òun ni a fi ṣe férémù ẹsẹ̀, a kò sì ra pákó kankan fún un. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ọlọ́gọ́rùn-ún mm sínú àwòrán rẹ̀ yóò gé odindi pákó mìíràn nítorí mm 6.

Ètò gígé:

Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, 2250 × 560: pákó 2.
Òkè, ìsàlẹ̀ àti pẹpẹ, mẹ́wàá lápapọ̀, 864 × 560: mẹ́rin ń jáde nínú pákó kan, nítorí náà pákó 3, ẹ̀kẹta sì ṣẹ́kù ju ìdajì lọ.
Ìlẹ̀kùn mẹ́rin, 2246 × 446: pákó 2.
Ẹ̀yìn méjì, 2250 × 900, mm 6: pákó 2.

Pákó mm 18 jẹ́ 7. Odindi ni a ń rà, odindi ni a sì ń kọ sínú ìwé iye. Ìṣirò tó ń wọn gbogbo ojú pákó pọ̀, tó wá ń pín in sí ìwọ̀n plywood kan, yóò sọ pé ó kù díẹ̀ kó tó 5. Kò sí ẹni tó lè gé e bẹ́ẹ̀.

Ohun èlò

Ìlẹ̀kùn tó ga tó 2246 ń fẹ́ hínjì márùn-ún: méjì ń tó ìlẹ̀kùn tí kò ju 900 lọ, mẹ́ta tó nǹkan bíi 1600, mẹ́rin tó 2000, lẹ́yìn ìyẹn ó di márùn-ún. Ẹni tó fi mẹ́ta sí i kí owó lè dínkù yóò padà wá gbé ìlẹ̀kùn tó ti sọ̀ kalẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́.

Téèpù etí, èyí tí a ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ mọ́ etí pákó láti bo ìpele rẹ̀: yíká ìlẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ mítà 21.5, etí iwájú ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 9, etí pẹpẹ àti òkè-ìsàlẹ̀ jẹ́ 8.6, lápapọ̀ mítà 39. Ká ní ìdá 10 fún àfigé, 43. Ìdì rẹ̀ jẹ́ mítà 50. Fáníìṣì: ojú tí a ó kùn jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 25, ẹ̀ẹ̀mejì, lítà kan ń tó 10 sí 12, ó di lítà 4.5; garawa lítà 5.

Plywood mm 18, 7: 700
Plywood mm 6, 2: 80
Téèpù etí, ìdì 1: 30
Hínjì 20: 100
Ọwọ́ ìlẹ̀kùn 4: 24
Ọ̀pá ìfaṣọkọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀: 12
Súkúrúù 4 × 50 àti 3.5 × 16: 15
Ìkọ́ pẹpẹ 16: 4
Gọ́ọ̀mù pákó: 10
Sáńdípépà 120, 180, 240: 9
Fáníìṣì lítà 5: 80
Àpapọ̀: 1,064

A fi ìdá 15 lé ohun èlò, ó di 1,224. Àwọn oníbàárà kan máa ń bínú sí èyí, bí ẹni pé a ń ta pákó fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra ohun èlò ló dá owó sílẹ̀, òun ló ń dá hínjì tí kò dára padà, òun ló ń ru pákó tó bá là, òun náà ló sì ń padà wá bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí oníbàárà bá fẹ́ ra ohun èlò fúnra rẹ̀, àlékún náà kúrò, kò sì sí ìjà; ṣùgbọ́n kí ó wà nínú ìwé pé wákàtí tí a bá fi yẹ ohun èlò náà wò, tàbí tí a bá fi dúró dè é, yóò ní owó, àti pé bí pákó bá ká, tirẹ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da àlékún pọ̀ mọ́ èrè. Bí a bá fi 20 lé 100, ó di 120, ṣùgbọ́n nínú 120 tó wọlé, 20 yẹn kò ju ìdá 16.7 lọ. Ẹni tó fẹ́ kí ìdá 20 nínú owó tó gbà jẹ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi 25 lé e. Àṣìṣe yìí kéré lójú, àfi ìgbà tí ọdún bá parí.

Wákàtí tí a fojú dá, àti ìwé iye

Wíwọ̀n àti yíyàwòrán 3, ríra ohun èlò 3, gígé 6, títẹ téèpù etí 5, lílu ihò hínjì àti ti ìkọ́ pẹpẹ 4, fífá àti kíkùn 9, kíkàn án wò ní ṣọ́ọ̀bù 4, gbígbé lọ àti gbígbé kalẹ̀ 8. Àpapọ̀ wákàtí 42.

Ríra ohun èlò wà nínú iṣẹ́ yìí, nítorí náà kò sí nínú ìdá 40 tí a yọ kúrò nínú ọdún. Ibì kan ṣoṣo ni wákàtí kan gbọ́dọ̀ ti farahàn. Ẹni tó kọ ọ́ síbi méjèèjì ń rẹ́ oníbàárà jẹ, ẹni tí kò kọ ọ́ síbi kankan ń rẹ́ ara rẹ̀ jẹ.

Ohun èlò pẹ̀lú àlékún: 1,224
Iṣẹ́, 42 × 22: 924
Ohun àìròtẹ́lẹ̀, ìdá 15 lórí iṣẹ́: 139
Ọkọ̀ tí a háyà: 60
Àròpọ̀: 2,347
Èrè, ìdá 10: 235
Iye: 2,582, a pè é ní 2,580

Ìwé tí oníbàárà gbà kò ní gbogbo ìlà yìí. Ó ní iye kan ṣoṣo tó dúró, kì í ṣe ìfojúdá, ó sì ní ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí kò sí nínú rẹ̀: kíkó kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ kúrò kò sí, kíkun ògiri kò sí, iná kò sí. Iye náà dúró fún ọjọ́ 14, torí pákó lè gbówó lórí. Àtúnṣe ohunkóhun lẹ́yìn tí gígé bá ti bẹ̀rẹ̀ yóò ní ìwé tirẹ̀.

Owó náà pín sí mẹ́ta: ìdá 50 kí a tó ra ohunkóhun, 40 nígbà tí a bá ti kàn án wò tí oníbàárà sì ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù, 10 lọ́jọ́ tí a bá gbé e kalẹ̀. Ìdajì jẹ́ 1,290, ó ra gbogbo ohun èlò tán, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀ fún iṣẹ́. Ẹ wo ìdá 10 tó kẹ́yìn dáadáa: 258 ni, èrè tó wà nínú ìwé sì jẹ́ 235. Bí oníbàárà bá mú un dání, gbogbo èrè iṣẹ́ náà ló mú dání. Torí náà, kí a jọ ṣí ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wò, kí a kọ ohun tó kù sílẹ̀, kí a ṣe é, kí a sì gba owó náà kí ọkọ̀ tó kúrò níwájú ilé.

Iṣẹ́ náà gan-an

Wákàtí ni a ń kọ bí a ṣe ń ṣe é: pẹ́ńsù kan àti àṣẹ́kù pákó kan lẹ́bàá ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ìgbà tí apá iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó dáwọ́ dúró. A kì í dúró di alẹ́ kí a tó rántí. Ohun tí a bá rántí lálẹ́ máa ń kéré sí òtítọ́.

Ríra ohun èlò gba 5 dípò 3. Pákó mm 18 mélòó kan ti ń là láàárín ìpele, a kọ̀ wọ́n. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kò le: kí a gbé orí pákó kan sókè, kí a wo etí rẹ̀ láti ìpẹ̀kun bí ẹni tó ń wo ojú ọfà, bí ó bá tẹ̀ síbì kan tó sì yí síbòmíràn, kí a má mú un, pàápàá fún ìlẹ̀kùn. Èyí tó tẹ̀ síbì kan ṣoṣo lè ṣe pẹpẹ tàbí ẹ̀gbẹ́, súkúrúù yóò fà á padà.

Gígé gba 6.5. Pẹ̀lú pákó mm 6, pákó 9 ni, ìṣẹ́jú 43 fún ọ̀kan.

Téèpù etí ló kọ́kọ́ ya ìṣirò lẹ́sẹ̀: 7.5 dípò 5. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ kò pẹ́. Ohun tó ń gba àkókò ni fífá etí rẹ̀ lójú méjèèjì, àti gígé igun ìlẹ̀kùn láìjẹ́ kí awọ fẹ́lẹ́ orí pákó ya. Ìfojúdá wákàtí 5 túmọ̀ sí mítà 8 ní wákàtí kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an jẹ́ mítà 5.2.

Lílu ihò gba 4, bí a ṣe rò ó.

Fífá àti kíkùn gba 12 dípò 9. Fáníìṣì àkọ́kọ́ ń mú kí irun pákó dìde, gbogbo mítà 25 yẹn ni a sì gbọ́dọ̀ fi sáńdípépà 240 fá kí a tó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Apá yìí ni ìfojúdá máa ń gbàgbé, torí bí ènìyàn bá ń ronú kíkùn, búrọ́ọ̀ṣì ló ń rí, kì í rí sáńdípépà. Ní ìparí, ojú mítà 2 ní wákàtí kan, tí a bá ka gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí a kàn án wò, ìlẹ̀kùn kan ti tẹ̀ ní mm 9 láàárín. Súkúrúù hínjì kò lè fà ju mm 2 lọ sí iwájú tàbí ẹ̀yìn, nítorí náà kò sí ọgbọ́n kankan. A ra pákó kan, 100, a gé òmíràn. Ta ni yóò san án? Ẹni tó yan pákó ni. Kò sí ibi kankan nínú ìwé iye tí a ti lè kọ ọ́ sí oníbàárà lọ́rùn, àlékún orí ohun èlò ni a ti san án. Ohun tó ń dín irú rẹ̀ kù: kí pákó ìlẹ̀kùn sùn sílẹ̀ gbalaja lórí igi tó dọ́gba, kí a má gbé e ti ògiri, kí a sì kun ojú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ojú tí a kùn kì í fa omi inú afẹ́fẹ́ bí ojú tí a kò kùn. Bí a bá kun ọ̀kan tí a sì dá èkejì sí, pákó yóò tẹ̀.

Gbígbé kalẹ̀ gba 11.5 dípò 8. Kápẹ́ẹ̀tì ló bo ilẹ̀ nígbà tí a wọ̀n ọ́n, kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ sì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ká a kúrò, lẹ́fẹ́ẹ̀lì fi hàn pé ilẹ̀ fi mm 14 rẹlẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún lórí ìbú 1800. Bí a bá gbé àpótí lé ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kùn kan nínú wọn lè máa ṣí fúnra rẹ̀, àlàfo àárín wọn sì lè má dọ́gba. A fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé férémù ẹsẹ̀ lápá ọ̀tún títí ó fi dọ́gba, a fi súkúrúù dè é mọ́ ògiri, a sì gé pákó iwájú ẹsẹ̀ ní igun kí ó lè bá ilẹ̀ mu.

Wíwọ̀n àti kíkàn án wò kò yí padà. Lápapọ̀, wákàtí 53.5. Ó fi 11.5 ju ìfojúdá lọ, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún.

Dúrọ́ọ̀ méjì

Lẹ́yìn tí gígé ti parí, oníbàárà béèrè fún dúrọ́ọ̀ méjì nísàlẹ̀ apá ọ̀tún. Irú ìbéèrè yìí ló ń jẹ èrè oníṣẹ́ jù, torí ó máa ń wá pẹ̀lú ẹ̀rín, ó sì dà bí ohun kékeré. Ìdáhùn tó dára kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ kọ́", kì í sì í ṣe "kò burú", ìwé ni.

Dúrọ́ọ̀ tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn kò lè fẹ̀ tó àpótí. Bí ìlẹ̀kùn bá ṣí, ara rẹ̀ àti hínjì ṣì ń yọ sínú díẹ̀, dúrọ́ọ̀ yóò sì máa gbá a. A ní láti fi igi mm 18 sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí irin dúrọ́ọ̀ tó kàn án. Irin náà ń gba mm 13 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. 864 dín 36 dín 26, ó ku 802 fún ìbú dúrọ́ọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ àti iwájú rẹ̀ jáde nínú àṣẹ́kù pákó ẹ̀kẹta. Àwọn kan máa ń gba owó lórí àṣẹ́kù bẹ́ẹ̀. Níbí, odindi pákó 7 ni oníbàárà ti san, nítorí náà tirẹ̀ ni àṣẹ́kù náà. Bí a bá tún tà á fún un, a ti gbowó nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ yàtọ̀: àṣẹ́kù mm 6 fẹ̀ ní 317 péré, ìsàlẹ̀ sì ń fẹ́ 500, a ní láti ra pákó kan. Irin dúrọ́ọ̀ méjì 28, pákó mm 6 jẹ́ 40, pẹ̀lú àlékún 78. Wákàtí 5 jẹ́ 110. Àròpọ̀ 188, pẹ̀lú èrè ìdá 10, 207. Ìwé náà dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó béèrè, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì bẹ̀rẹ̀ títí ó fi fọwọ́ sí i. A yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò ìsàlẹ̀ yìí kí ó má bàa da iye rú.

Ohun tó kù lọ́wọ́

Ohun èlò gan-an 1,164. Iṣẹ́, 53.5 × 22, jẹ́ 1,177. Ọkọ̀ 60. Àpapọ̀ 2,401. Owó tó wọlé 2,580. Èrè 179, kò pé ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí a bá gba ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó kàn ro ohun èlò pọ̀ mọ́ iṣẹ́ àti ọkọ̀, láìsí àlékún, láìsí ohun àìròtẹ́lẹ̀, láìsí èrè, yóò kọ 2,048. Yóò pàdánù 353, ìyẹn wákàtí 16 lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń lo "ohun èlò lọ́nà méjì", tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, yóò kọ 2,128, yóò pàdánù 273. Ọ̀nà yẹn kò ṣeé gbára lé rárá. Jẹ́ kí oníbàárà yan plywood 60 dípò 100: ohun èlò di 784, iye náà sì já sí 1,568, bẹ́ẹ̀ wákàtí kan kò dín níbẹ̀. Pákó tí kò dára tilẹ̀ ń gba wákàtí sí i, torí etí rẹ̀ ń fọ́ lẹ́nu ayùn. Bí ó bá sì yan pákó olówó gọbọi, òun ni yóò máa san owó iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe.

Oníbàárà bẹ̀bẹ̀ kí a dín ìdá 10 kù. 258 ni, ó sì ju èrè inú ìwé lọ. A kò dín iye kù, a dín iṣẹ́ kù: bí apá ọ̀tún kò bá ní ìlẹ̀kùn, pákó kan, hínjì 10, ọwọ́ 2 àti nǹkan bíi wákàtí 7 ni yóò kúrò, iye yóò sì já ní nǹkan bíi 400. Ó fẹ́ ìlẹ̀kùn. Iye dúró. Báyìí ni oníbàárà ṣe ń mọ̀ pé iye tí a kọ́kọ́ pè kì í ṣe iye tí a fi ẹ̀dínwó pamọ́ sínú rẹ̀, oníbàárà tí kì í bẹ̀bẹ̀ kò sì ní sanwó ju ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn lọ.

Ìwé iye tó máa tẹ̀lé e

Ìwọ̀n tuntun nìyí fún irú iṣẹ́ yìí: téèpù etí, mítà 5 ní wákàtí kan, kíkùn ẹ̀ẹ̀mejì pẹ̀lú fífá, mítà onígun mẹ́rin 2 ní wákàtí kan, gígé, ìṣẹ́jú 45 fún pákó kan, ríra ohun èlò, wákàtí 4. Lórí kọ́bọ́ọ̀dù kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di wákàtí 50. Bí ìfojúdá bá ti sún mọ́ òtítọ́, ohun àìròtẹ́lẹ̀ lè já sí ìdá 10: 1,224, 1,100, 110 àti 60, lápapọ̀ 2,494, pẹ̀lú èrè 2,743. Ó fi 163 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, oníbàárà tó ń bọ̀ sì lè kọ̀ ọ́. Bí gbogbo ẹni tó gba ìwé iye bá ń fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, iye náà kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹnì kan nínú mẹ́ta bá gbà á, ó ṣeé ṣe kí ó wà níbi tó yẹ.

Ìlà kan tuntun wọ inú ohun tí kò sí nínú iye: "Bí a kò bá rí ilẹ̀ tàbí ògiri nígbà tí a wọ̀n ọ́n, mm 5 àkọ́kọ́ tí kò dọ́gba wà nínú iye. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wákàtí ni a ó kà, a kò sì ní bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí a tó fi hàn yín."